Ọ̀nà Tí Ọkọ̀ Fi Ń Yáná

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. Bí ẹ bá wọ inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ó ń rìn ní títì wa, tí ẹ sì wo ara dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí bọ́tìnnì roboto kan tí wọ́n kun apá kan rẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, tí wọ́n sì kun apá kejì ní àwọ̀ pupa. Ìhà búlúù ni bọ́tìnnì yìí máa ń kọjú sí nílẹ̀ wa láti ọdún dé ọdún. Awakọ̀ mìíràn ti wa ọkọ̀ fún ogún ọdún láìyí i sí pupa rí, àfi ìgbà tí ọmọdé bá fi ọwọ́ yí i, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná sì tú jáde lójijì, tí gbogbo èrò sì ń pariwo pé ta ni ó fẹ́ sè wọ́n jẹ.

Kí ni wọ́n wá ṣe ìhà pupa náà fún? Ẹ rántí pé ilẹ̀ òtútù ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe irú ọkọ̀ wọ̀nyí ń gbé. Ní ìlú London, ní oṣù kinní ọdún, afẹ́fẹ́ kì í sábàá gbóná ju dígírì 10 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè wálẹ̀ dé òdo, níbi tí omi ti ń dì. Ọyẹ́ tí ń mú wa gbọ̀n ní Ìbàdàn, tí a fi ń wá aṣọ òtútù kiri, kì í sábàá wálẹ̀ tó 15. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Peckham àti ní àwọn àdúgbò London mìíràn mọ ohun tí mò ń wí. Ní òwúrọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìrì ti dì mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ bí iyọ̀. Èémí àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì nínú lọ́hùn-ún, awakọ̀ kò sì lè rí ọ̀nà. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn nìkan. Ẹni tí kò ní ooru nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ara rẹ̀, kí ó sì pa ẹlòmíràn pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná kan wà tí ọkọ̀ ń dá fún àwọn èrò, tàbí irin oníná mànàmáná bí èyí tí ó wà nínú áyọ́ọ̀nù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ń jó pẹtiróòlù. Ẹ wo ìyá tí ó ń ro àmàlà ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Nítorí ìkòkò ni ó ṣe dá iná, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ lóṣòó yí ààrò ká, wọ́n ń yáná. Igi tí ìyá náà fi dáná kò pọ̀ sí i nítorí wọn. Ooru tí ń ti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sá lọ ni wọ́n ń jẹ. Bí ọkọ̀ ṣe ń yáná nìyẹn gẹ́lẹ́. Ooru tí ẹ́ńjìnnì kò lè lò, tí ì bá sì dànù, ni wọ́n darí sí àwọn tí ó jókòó nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, tí kò fi sun ènìyàn, tí kò sì fi ẹ́ńjìnnì sínú òtútù, ni ó yẹ kí á wò fínnífínní.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí iná bá mú pẹtiróòlù nínú ẹ́ńjìnnì, ooru rẹ̀ máa ń ju dígírì 2000 lọ. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ayé òde òní a sì máa yọ́ ní 660. Ẹ ó bi mí pé, báwo wá ni ẹ́ńjìnnì kò ṣe yọ́ bí òrí inú oòrùn? Ìdí kìíní ni pé iná náà ń bù yẹ̀rì bíi mànàmáná ni, kì í dúró. Ìdí kejì, tí ó ṣe pàtàkì jù, ni pé àwọn onímọ̀ ti la ihò sínú ògiri irin náà yíká ibi tí iná ti ń jó, omi sì ń ṣàn nínú àwọn ihò wọ̀nyí láìdúró, ó ń gbé ooru lọ.

Ooru tí ó ń gbé lọ náà kò kéré. Bí ẹ bá ra pẹtiróòlù 1,000 náírà, nǹkan bí 300 náírà péré nínú rẹ̀ ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nǹkan bí 300 náírà mìíràn ń wọ inú omi yìí. Èyí tí ó kù ń bá èéfín jáde ní sálẹ́ńsà, tàbí kí ó ti ara irin fò lọ sínú afẹ́fẹ́. Iye yìí ń yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kan tí ó bọ́ lọ́wọ́ òfò yìí. Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá ń ra epo.

Omi tí mo ń wí yìí, wọ́tà pọ́ǹpù ni ó ń tì í kiri. Ó ń gba ara ẹ́ńjìnnì kọjá, ó ń gbóná, ó sì ń gba inú họ́ọ̀sì ńlá lọ sí rédíétọ̀ tí ó wà ní iwájú ọkọ̀. Níbẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i títí yóò fi tutù, kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe omi lásán ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀. Kúláǹtì ni à ń dà pọ̀ mọ́ ọn, nígbà púpọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Àdàlù bẹ́ẹ̀ kò ní dì títí òtútù yóò fi dé nǹkan bí dígírì 37 nísàlẹ̀ òdo, kì í sì í jẹ́ kí irin dípẹtà kíákíá. Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ nílẹ̀ wa, tí omi kì í ti í dì, nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o: májèlé ni ọ̀pọ̀ kúláǹtì, ó sì dùn lẹ́nu. Ẹ má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má sì ṣe gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé yóò ti tó o.

Ìdérí rédíétọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó dé omi náà pinpin débi pé kò lè hó ní dígírì 100 gẹ́gẹ́ bí omi inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó lè ju 120 lọ kí ó tó hó. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣí ìdérí náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná ń tú ẹranko sílẹ̀. Omi tí ìdérí ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó wà ní 110 láìhó, yóò sọ ara rẹ̀ di ooru funfun lójú ẹsẹ̀, yóò sì fò mọ́ ojú àti àyà ẹni tí ó dúró tì í.

Wàyí o, ẹ́ńjìnnì kò fẹ́ gbóná jù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ tutù pẹ̀lú. Ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù ni nǹkan bí dígírì 90. Bí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ìlì rẹ̀ yóò ki, epo yóò máa jó ní ìlọ́tìkọ̀, irin yóò sì máa jẹ irin. Báwo ni a ó ti ṣe tí omi kò fi ní tutù jù ní òwúrọ̀, tí kò sì ní gbóná jù ní ọ̀sán? Oníbodè kan ni wọ́n fi síbẹ̀, bí àwọn oníbodè ìgbà láéláé tí wọ́n ń dúró lẹ́nu odi ìlú. Tẹmosítáàtì ni orúkọ rẹ̀. Kò tóbi, ó lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí rédíétọ̀, tàbí tí ó ń gbà padà láti ibẹ̀, ni ó máa ń wà.

Èmi fẹ́ràn ẹ̀rọ kékeré yìí púpọ̀. Kò sí wáyà iná nínú rẹ̀, bí a bá mú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, kò sì sí ẹni tí ń fi ọwọ́ yí i. Ìda ni ó wà nínú rẹ̀, a dé e mọ́ inú ife idẹ kékeré kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ́ àbẹ́là rí, ẹ mọ̀ pé bí ìda bá tutù, ó ń sún kì. Bí ó bá sì yọ́, ó ń gba àyè púpọ̀ sí i. Nígbà tí omi ẹ́ńjìnnì bá gbóná dé iye tí wọ́n yàn, tí ó máa ń wà láàárín 82 sí 90 nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìda inú ife yóò yọ́, yóò wú, yóò sì ti ọ̀pá kékeré kan. Ọ̀pá náà yóò ṣí ilẹ̀kùn. Nígbà tí omi bá tún tutù díẹ̀, ìda yóò dì, yóò sún kì, sípíríìnì yóò sì ti ilẹ̀kùn padà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, a máa ń so tẹmosítáàtì ògbólógbòó kan mọ́ okùn, a ó rì í sínú ìkòkò omi lórí iná, a ó sì ki òṣùwọ̀n ooru bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń gbọ́ mi lè ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í gbàgbọ́ pé ìda lásán lè ti irin, títí wọn yóò fi rí i tí ilẹ̀kùn náà rọra ń là lójú wọn.

Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọkọ̀, oníbodè ti ilẹ̀kùn pa. Omi kò lè lọ sí rédíétọ̀. Inú ẹ́ńjìnnì ni yóò máa yí ká, yóò sì tètè gbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà tí oníbodè kì í sábàá dí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ti dé inú ilé. Họ́ọ̀sì méjì tí kò tóbi ń ti ara ẹ́ńjìnnì gba ògiri irin kọjá sí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná lọ, èkejì ń gbé e padà. Ohun tí wọ́n so mọ́ lọ́hùn-ún ni rédíétọ̀ kékeré kan, tí kò ju ìwé atúmọ̀-èdè ńlá kan lọ, bí ọmọ ti rédíétọ̀ iwájú. Fáànù kan wà tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Afẹ́fẹ́ náà yóò gba ooru lára rẹ̀, yóò sì tú sí ẹsẹ̀ àwọn èrò, tàbí sí gíláàsì iwájú. Nítorí náà, ní àárọ̀ òtútù, àwọn ènìyàn ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ nínú ooru náà; ìyókù ni ti rédíétọ̀ ńlá. Ooru tí irú rédíétọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè tú jáde tó kílówáàtì 5, bí ẹni pé ènìyàn tan áyọ́ọ̀nù oníná mànàmáná márùn-ún pa pọ̀ sínú yàrá kan tí kò ju àkéte méjì lọ.

Ẹ rí i nísinsìnyí pé bí a kò bá rí ọ̀nà láti dín irú ooru bẹ́ẹ̀ kù, yóò di ìyà. Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ fi ń ṣe é. Kí ó lè yé yín, ẹ rántí omi ìwẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ gbóná jù lè bu díẹ̀ lò nínú rẹ̀, tàbí kí ó fi omi tútù bù ú là.

Ọ̀nà àtijọ́ ni bíbu díẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ omi kékeré kan sí ojú ọ̀nà họ́ọ̀sì tí ń gbé omi gbígbóná wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ ooru púpọ̀, ẹ ṣí i dáadáa. Bí ẹ bá fẹ́ díẹ̀, ẹ ti í kù díẹ̀. Nínú ọkọ̀ Morris Minor, tí ó ń rìn ní títì wa ní ọjọ́ kan rí, ẹ̀rọ omi idẹ kan wà lára ẹ́ńjìnnì gan-an, tí olówó ọkọ̀ ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó lè fi ọwọ́ yí i nígbà tí òtútù bá bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn fi wáyà so ẹ̀rọ omi náà mọ́ bọ́tìnnì inú ọkọ̀. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé kò dúró sí ojú kan. Wọ́tà pọ́ǹpù ń sáré bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń sáré. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń já geere, omi púpọ̀ ń wọlé, ooru ń pọ̀. Bí ọkọ̀ bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, omi díẹ̀ ni ń wọlé, òtútù sì ń padà. Ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ dì, lẹ́yìn náà yóò máa jó.

Ọ̀nà kejì, èyí tí ó wà nínú púpọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, ni bíbùlà. A kò fi ọwọ́ kan omi rárá. Omi gbígbóná ń ṣàn nínú rédíétọ̀ kékeré nígbà gbogbo, yálà àwọn èrò fẹ́ ooru tàbí wọn kò fẹ́. Afẹ́fẹ́ ni à ń pín. Ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà níwájú rédíétọ̀ náà. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì sí búlúù, ilẹ̀kùn yóò dí ojú rédíétọ̀ kékeré, gbogbo afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ní tútù. Bí ẹ bá yí i sí pupa, ilẹ̀kùn yóò dí ẹ̀gbẹ́, gbogbo afẹ́fẹ́ yóò gba inú ooru. Bí ẹ bá fi sí àárín, apá kan yóò gba ibí, apá kan yóò gba ọ̀hún, wọn yóò pàdé níwájú, wọn yóò sì dà pọ̀ di afẹ́fẹ́ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó yá ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ kò nílò kí omi kọ́kọ́ gbóná tàbí kí ó tutù. Ohun tí bọ́tìnnì búlúù-òun-pupa ń ṣe kò ju èyí lọ: ilẹ̀kùn kan ni ó ń yí. Àwọn ọkọ̀ kan sì lo ọ̀nà méjèèjì pa pọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn, wọ́n sì ní ẹ̀rọ omi tí ń dí omi gbígbóná pátápátá nígbà tí èrò bá fẹ́ ìtútù gidi.

Ní ọdún 1939, ilé-iṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ti gbé ọkọ̀ jáde tí ń ṣọ́ ooru inú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀. Weather Eye ni wọ́n pè é, èyíinì ni ojú tí ń wo ojú ọjọ́. Lónìí, ẹ lè kọ 22 sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ohun kékeré kan yóò máa wọn ooru inú ọkọ̀, òmíràn yóò máa wọn ti ìta, kọ̀ǹpútà yóò sì máa fi mọ́tò iná kékeré ti ilẹ̀kùn náà síwá-sẹ́yìn.

Ìjàpá ńkọ́? Ọkọ̀ Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, kò sì ní omi; afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Láti yáná, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ yí ara páìpù èéfín gbígbóná ká, inú irin tí wọ́n fi bo páìpù náà, kí ó tó rán an sínú ọkọ̀. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Bí páìpù náà bá dípẹtà tí ó sì lu, èéfín yóò bá afẹ́fẹ́ wọlé. Nínú èéfín ọkọ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide wà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn bí ẹni pé oorun ni ó gbé e lọ. Omi tí ó wà láàárín iná àti ènìyàn nínú ọkọ̀ onírédíétọ̀ ni kì í jẹ́ kí èéfín àti afẹ́fẹ́ èrò pàdé ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kò sí irú ọkọ̀ tí ń jó epo tí a lè ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì tí a ti pa, kí á lè tètè rí ooru. Ikú ni.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rékọjá sí ilẹ̀ òyìnbó, kí ó sọ èyí fún un: ooru kì í jáde lójú ẹsẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná, ìyẹn sì lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ní ojú ọ̀nà, ó sì ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ dísù, nítorí dísù kì í fi ooru ṣòfò tó pẹtiróòlù. Bí gíláàsì bá ń kuukùu, kí ó má ṣe ti bọ́tìnnì tí ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po. Afẹ́fẹ́ ìta ni kí ó gbà wọlé. Kí ó sì tan ẹ̀rọ amúlétutù pọ̀ mọ́ ooru. Mo mọ̀ pé yóò jọ ọ̀rọ̀ àwàdà, pé kí ènìyàn dá ìtútù àti ooru pọ̀. Ṣùgbọ́n irin tútù amúlétutù ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, bí ife omi tútù ṣe ń láàgùn, lẹ́yìn náà rédíétọ̀ kékeré yóò mú afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà gbóná, gíláàsì yóò sì mọ́ kedere. Ní ti ọkọ̀ oníná mànàmáná, kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń fi epo ṣòfò, nítorí náà inú bátìrì ni ó ti ń mú púpọ̀ nínú ooru rẹ̀, ìrìn rẹ̀ sì ń kúrú ní ìgbà òtútù.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Tòkunbọ̀ tí à ń rà ti lo ọdún púpọ̀ nínú òtútù, rédíétọ̀ kékeré wọn sì lè ti gbó. Bí ẹ bá ń gbọ́ òórùn dídùn bíi ti ṣúgà jíjó nínú ọkọ̀, tí kápẹ́ẹ̀tì ní ẹsẹ̀ ẹni tí ó jókòó níwájú tutù, tí gíláàsì sì ní ọ̀rá, ó ti ń jò. Mẹkáníìkì wa sábà máa ń gé e kúrò ní ọ̀nà, yóò so họ́ọ̀sì méjèèjì pọ̀. N kò bá a jà lórí ìyẹn, ọkọ̀ yóò rìn dáadáa. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni yíyọ tí ó ń yọ tẹmosítáàtì sọnù, tí ó ń wí pé ti ilẹ̀ òtútù ni, pé kò wúlò fún wa. Ẹ ti gbọ́ iṣẹ́ oníbodè náà. Bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa pẹ́ kí ó tó gbóná, yóò máa mu epo, irin rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan ó tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí tẹmosítáàtì kan náà ni ó ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà padà láìdé rédíétọ̀. Yọ ọ́, ọ̀nà ẹ̀bùrú yóò ṣí sílẹ̀, ọkọ̀ tí o fẹ́ tù lára yóò sì máa hó. Bí tẹmosítáàtì bá bàjẹ́, òmíràn ni kí á ra.

Èyí tí ó kù ni ohun tí bọ́tìnnì pupa lè ṣe fún awakọ̀ ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọkọ̀ bá há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tí ọwọ́ gééjì sì ń gun òkè lọ. Rédíétọ̀ kejì wà nínú ọkọ̀ náà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan láti ọdún tí a ti rà á. Ẹ pa amúlétutù, ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, ẹ yí bọ́tìnnì sí pupa, kí ẹ sì tan fáànù dé òpin. Yóò nira fún àwọn èrò, wọn yóò ráhùn, ṣùgbọ́n ooru tí ń jó wọn ní ẹsẹ̀ náà ni ó ń kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Nígbà púpọ̀, ọwọ́ gééjì yóò rọra sọ̀ kalẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí ẹ lè yà sí.

Ẹ fi ọwọ́ sí ẹnu ihò afẹ́fẹ́ náà kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná ni ń jáde, omi ṣì wà, ó sì ń ṣàn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ tí rédíétọ̀ kékeré rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù síta, nígbà tí gééjì ń wí pé ẹ́ńjìnnì ń jó, a jẹ́ pé omi ti tán nínú rẹ̀ tàbí pọ́ǹpù kò tì í mọ́. Ẹ má ṣe wí pé ẹ ó rìn dé ilé epo tí ó wà níwájú. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ sì jókòó sábẹ́ igi fún ìdajì wákàtí ó kéré tán, títí ìdérí rédíétọ̀ yóò fi tutù tí a lè fi ọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni tó fi aṣọ nínípọn dì í mú, kí ó sì rọra yí i.